Imí, Oúnjẹ Àṣẹ́kù àti Ilẹ̀kùn Méjì: Ìrírí Mi Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ẹranko ní Ilé-Ifẹ̀

Imí ni olùtọ́jú ẹranko kọ́kọ́ máa ń wò tó bá dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀. Ṣé ó ki, àbí ó ń ṣàn? Ṣé aràn wà nínú rẹ̀? Ṣé ó pọ̀ tó ti àná, àbí ẹranko náà ò tiẹ̀ yàgbẹ́ mọ́jú? Lẹ́yìn imí, ó kan àwo oúnjẹ: kí ló jẹ, kí ló ṣẹ́kù, èwo ló fẹnu kàn tó sì tu dànù. Ẹ̀yìn èyí la tó ń gbójú sókè wo ẹranko fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọgbà ẹranko ní Ilé-Ifẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá bi mí léèrè pé irú iṣẹ́ wo ni, mo máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ ojú ni. Omi pípọn wà níbẹ̀, ilẹ̀ gbígbá wà níbẹ̀, koríko gígé wà níbẹ̀, àmọ́ ojú ló ń gba ẹ̀mí ẹranko là.

Ẹranko inú igbó kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ara òun ò yá. Ewúrẹ́ ilé lè máa ké tí inú bá ń run ún. Ẹtu ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìgalà ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú igbó, èyí tó bá ń tiro lẹkùn máa kọ́kọ́ lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára á fi tán pátápátá. Ọjọ́ tí ará òde bá rí i pé ẹtu dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, àìsàn náà ti lè wà lára rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà, nǹkan kéékèèké là ń wò. Ìgalà tó máa ń sá lọ sẹ́yìn igi bó bá ti gbúròó bárò, tó wá dúró lójú kan lónìí. Ẹyẹ tó fẹ ìyẹ́ sókè nínú oòrùn ọ̀sán bíi pé òtútù ń mú un. Ọ̀bọ tó jókòó sẹ́yìn nígbà oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ jà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ṣe dókítà. Ọmọ ọdẹ ni, Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń tọ́jú ẹranko kí n tó gbọ́njú. Tó bá dé iwájú ilé ẹranko kan, ó máa ń dúró. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní ṣí ilẹ̀kùn, kò ní da oúnjẹ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wò?" Ó ní, "Bó ṣe rí lánàá ni mò ń wò, ọmọ mi." Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹranko ṣe ń jókòó, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń mí lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ le, kò lè dá ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò le mọ̀. Àwọn ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ wúlò fún mi gan-an, mi ò lè fojú kéré wọn láé, àmọ́ àìsàn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìlera ni Bàbá fi ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi wá fi àkọsílẹ̀ kún un. Ilé ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀: ohun tó jẹ, ohun tó kù, bí imí ṣe rí, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Orí erè la ti rí èrè rẹ̀ jù. Erè lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun kí nǹkan kan má sì ṣe é. Tó bá sì kù díẹ̀ kó bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á ràn, á dà bí ojú afọ́jú, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, kò ní wo oúnjẹ. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ á rò pé ó fẹ́ kú, á fẹ́ fi tipátipá ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àwa á ṣí ìwé, a ó rí ọjọ́ tó bọ́ awọ kẹ́yìn àti ọjọ́ tó jẹun kẹ́yìn, a ó gbé omi tó pọ̀ síbẹ̀ fún un, a ó fi í sílẹ̀.

Oúnjẹ ni owó ń bá lọ jù. Ọjà Odò-Ogbè la ti máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, tẹ̀tẹ̀, kúkúńdùnkún àti àgbàdo. Àwọn ìyá ọjà mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Ìyá ẹlẹ́ranko, ẹ wá kó èyí tó ti ń rà yìí lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹranko ò kúkú mọ̀." Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà á. Èso tó ti bu ń da inú ọ̀bọ rú bó ṣe ń da inú èèyàn rú. Koríko pàápàá gba ìṣọ́ra. Èèsún tútù tó wà létí títì lè wu èèyàn gé, àmọ́ ẹnì kan lè ti fọ́n oògùn apakoríko sí i lánàá, oògùn ọ̀hún kò sì ní hàn sójú. Ibi tá a bá mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọ́n nǹkan kan sí la ti ń gé tiwa.

Ti kìnnìún tún lágbára ju ìyẹn lọ. Kìnnìún tó ti dàgbà tó wà nínú ọgbà máa ń jẹ ẹran bíi kìlógíráàmù 5 sí 7 lóòjọ́. Ẹni tó bá ti dúró níwájú alápatà ní Sábó lẹ́nu àìpẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lówó. Ẹran nìkan ò sì tó, egungun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ kìnnìún tí wọ́n bá ń fún ní ẹran ṣáá láìsí egungun, kálísíọ́mù á wọ́n lára rẹ̀, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, á tẹ̀, ó sì lè kán níbi tó ti ń ṣeré. Ẹran òkúǹbete ò gbọ́dọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kó tó kú, torí oògùn ń bá ẹran lọ sínú ẹni tó jẹ ẹ́. Àwọn ọgbà ẹranko púpọ̀ máa ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọn ò ní fún kìnnìún lẹ́ran, nítorí nínú igbó kì í rí ẹran pa lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá wá bọ́ sí irú ọjọ́ yẹn, tó rí kìnnìún tó nà gbalaja láìsí oúnjẹ níwájú rẹ̀, á ní a ń fi ebi pa á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kìnnìún lè fi wákàtí 20 nínú wákàtí 24 sinmi, yálà ó yó tàbí kò yó.

Nínú gbogbo wọn, odídẹrẹ́ ló kọ́ mi ní nǹkan jù. Ìdílé kan gbé ọ̀kan wá bá wa lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, kò sẹ́ni tó ráyè fún un mọ́ nílé. Odídẹrẹ́ lè lo ọdún 40 sí 60 láyé tó bá rí ìtọ́jú, ìyẹn ni pé ẹni tó bá rà á lágbà, ẹyẹ náà lè sin ín. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo àgò rẹ̀, àyà rẹ̀ ti pá. Kò sí kòkòrò lára rẹ̀, kò sí ọgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹnu tu ìyẹ́ ara rẹ̀. A bi wọ́n léèrè ohun tó ń jẹ, wọ́n ní àgbàdo àti ẹ̀pà. A bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n wo ara wọn lójú.

Ẹyẹ yẹn gbọ́n púpọ̀. Nínú igbó, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń fò, wọ́n ń wá oúnjẹ, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọjọ́ ò gùn fún wọn. Tí wọ́n bá wá dá a nìkan dè sínú àgò kékeré, gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ á yí padà sí ara rẹ̀. Ohun tá a ṣe kò ju pé a fún un níṣẹ́ lọ. A já ẹ̀ka igi tútù wọlé kó máa fi ẹnu gé e jẹ. A di ẹ̀pà díẹ̀ sínú bébà, a so ó rọ̀, kó máa tú u fúnra rẹ̀. A sì gbé e sún mọ́ odídẹrẹ́ mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbóhùn ara wọn kí wọ́n tó máa ríra. Ní ti oúnjẹ, a mú ẹyìn wọlé, ẹyìn pupa tá à ń fi ṣe epo. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù nínú igbó nìyẹn, inú àwọ̀ pupa yẹn ni ara rẹ̀ sì ti ń rí fítámínì A tí àgbàdo àti ẹ̀pà kò fún un tó. Ó gba oṣù púpọ̀ kí ìyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, apá kan láyà rẹ̀ ò sì hù mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo ti rí i pé bí wọ́n bá ti tu ìyẹ́ pẹ́ jù, ibi tó ń hù sí máa ń kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ ẹni tó bá ní odídẹrẹ́ nílé pé kó má dúró de ìgbà tí àyà ẹyẹ bá pá.

Ifẹ̀ là ń gbé, a mọ iyì ẹyẹ yìí. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, wà lára adé, ó wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà. Nítorí náà, àwọn àgbà máa ń wá bá wa pé àwọn ń wá ìkóódẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn rọra bẹ Bàbá pé kó kàn fa ẹyọ kan péré yọ, òun á fún un lówó. Bàbá dọ̀bálẹ̀ kí i, torí àgbà náà jù ú lọ́jọ́ orí, ó wá sọ pé, "Èyí tó bá já sílẹ̀, a ó ṣà á jọ fún yín, Bàbá. Èyí tó wà lára ẹyẹ, ti ẹyẹ ni." Ó ṣàlàyé fún un pé ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tí wọ́n bá fà á yọ, ẹyẹ á ṣẹ̀jẹ̀, á sì jẹ ìrora. Ọdọọdún ni odídẹrẹ́ ń pààrọ̀ ìyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá lè ní sùúrù á rí tirẹ̀ gbà. Bàbá àgbà yẹn ní sùúrù. Mo rò pé bó ṣe yẹ kí gbogbo wa máa ṣe é nìyẹn, nítorí odídẹrẹ́ ti ń tán nínú igbó. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti ewéko tó ń tán lọ, tó wáyé ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè dìbò láti fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ kejì. Bí igbó bá ṣófo, ibo ni ìkóódẹ yóò ti wá fún adé ọjọ́ iwájú?

Ọjọ́ ọdún ló máa ń nira jù. Kérésì, Àjíǹde, Iléyá: àwọn èèyàn á wá láti Òṣogbo, láti Ìkirè, láti Oǹdó, pẹ̀lú ọmọ àti fóònù. Inú mi máa ń dùn láti rí wọn, torí ọmọ tí kò bá rí ìgalà rí, kí ni yóò mú un bìkítà nípa igbó? Àmọ́ wọ́n á máa ju bisikíìtì, wọ́n á máa ju gúgúrú, wọ́n á máa na mínírà sí ọ̀bọ. Eyín ọ̀bọ ń jẹrà, inú rẹ̀ ń dà rú. Ìyá kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, ebi ń pa á, ẹ ò rí bó ṣe ń nawọ́ ni?" Mo ní, "Ó ti jẹun láti àárọ̀, mà, ẹ wo àwo rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ pé tóun bá nawọ́ sí èèyàn, nǹkan dídùn á bọ́ sí i." Ó wo àwo náà, ó sì gba bisikíìtì kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rá ló ń pani. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ọ̀rá ẹ̀pà tí iyọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ìgalà á gbé e mì. Kò ní jẹrà, kò ní jáde, á kàn máa kó jọ sínú ikùn títí kò fi ní sáyè fún koríko mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà la ikùn ìgalà kan tó kú, ọ̀rá tó ń fà jáde kò tán bọ̀rọ̀. Ẹran náà ti rù, bẹ́ẹ̀ sì rèé ikùn rẹ̀ kún.

Pátákó tó ní kí wọ́n má fún ẹranko lóúnjẹ ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tó dá wọn dúró ni pé a mú díẹ̀ nínú oúnjẹ ọ̀bọ wá sí ìgbà tí èrò pọ̀. A gé ọparun, a lu ihò sí i lára, a ki ẹ̀pà bọ inú rẹ̀, a jẹ́ kí àwọn ọmọdé dúró wo bí ọ̀bọ ṣe ń fi ìka wá a, bó ṣe ń fi igi gbọ̀n ọ́n, bí ọmọ ọ̀bọ ṣe ń yọ́ jí ti ìyá rẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn kì í fẹ́ ju nǹkan mọ́. Mo ti rí ọmọ tó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú pé, "Ẹ má jù ú, Dádì, ó ń ṣiṣẹ́!"

Mo tún máa ń sọ fún àlejò tó bá ń wúkọ́ pé kó dúró jìnnà. Ọ̀bọ àti ìnàkí sún mọ́ wa débi pé ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wa lè ràn wọ́n, èèyí lè ràn wọ́n, ọ̀fìnkìn lásán lè dá ìnàkí wó. Tiwọn náà lè ràn wá. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020 tí wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé, àwa ò lè jókòó sílé, ẹranko gbọ́dọ̀ jẹun. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn la gbọ́ pé àrùn náà ti ran táígà kan ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, a wá ń wọ ìbòmú níwájú ẹranko bá a ṣe ń wọ̀ ọ́ níwájú èèyàn. Nígbà tí ọgbà dá páropáro yẹn, mo rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀bọ ń sáré wá sétí irin bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ojú èèyàn ń wù ú rí. Ẹtu ní tirẹ̀ jáde wá dúró sínú oòrùn lọ́sàn-án gangan, ó ń jẹ koríko wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó hàn pé ojú èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Kí wọ́n tó ṣí ọgbà padà, a ti gbin igbó kékeré kan sí apá kan ilé rẹ̀, a fi ọparun ṣe ọgbà síwájú ẹ̀gbẹ́ kan, kó lè ríbi fara pamọ́ sí nígbà tó bá wù ú. Àlejò kan ṣàròyé pé òun sanwó òun ò rí ẹtu. Mo sọ fún un pé ká jọ dúró jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tó jáde.

Ó kan ọ̀rọ̀ kìnnìún àti ilẹ̀kùn. Ilé kìnnìún gbọ́dọ̀ pín sí méjì, ó kéré tán. Kéèyàn tó wọ ibì kan lọ gbá a, kìnnìún gbọ́dọ̀ ti wà ní ìkejì, ilẹ̀kùn àárín ti wálẹ̀, àgádágodo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ojú ti rí gbogbo kìnnìún tó yẹ kó wà lọ́hùn-ún, ẹlòmíì sì ti fọwọ́ fa àgádágodo náà wò. Bàbá kì í gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe é, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kìnnìún kan ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń tọ́jú àwọn kìnnìún yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn níbẹ̀, ní bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú. Wọ́n pa kìnnìún náà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí rẹ̀ nínú. Àmọ́ àwọn èèyàn ń pè mí láti Èkó, láti òkè òkun pàápàá, wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé kò dá ẹni tó fún un lóúnjẹ mọ̀ ni?" Ó ṣeé ṣe kó dá a mọ̀ dáadáa. Kìnnìún ń dá ohùn èèyàn mọ̀, ó ń dá ìró ẹsẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n dídá èèyàn mọ̀ kò bọ́ ìṣe kìnnìún kúrò lára kìnnìún. Èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ tún léwu ju èyí tó wá láti inú igbó, torí ti inú igbó ṣì ń bẹ̀rù èèyàn, èyí tá a fọwọ́ tọ́ ò bẹ̀rù wa mọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń fi ẹ̀mí wọn wewu lójoojúmọ́ ká lè mú ọmọ wa wá wo kìnnìún. Ó yẹ ká mọ̀ wọ́n lóore, kí owó oṣù wọn àti irinṣẹ́ tá a fún wọn sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n ń tà létí títì ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin kan gbé abo ọ̀bọ kan wá bá wa láti Ilésà. Ó rà á nígbà tó ṣì kéré, ó ń sùn lórí àyà àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń wọ aṣọ fún un. Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn jẹ, ó gé ọmọ aládùúgbò jẹ lójú. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ ọ̀bọ kì í já bọ́ láti orí igi fún ọlọ́jà, wọ́n ti pa ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó rí i mú, tó bá sì dàgbà, agbára ọ̀bọ á dé, ìwà ọ̀bọ á dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, bó ti wù kó ṣe yín láàánú tó. Owó tẹ́ ẹ bá san ni ọdẹ máa fi padà lọ pa ìyá mìíràn.

A ya abo ọ̀bọ náà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30, a yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ṣọ́ ọ nítorí dìgbòlugi. Ìṣòro gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fojú kan àwọn ọ̀bọ yòókù. Ẹ̀rù bà á. Kò tíì rí irú ara rẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti já a gbà lára ìyá rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹríba fún àgbà ọ̀bọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irun ara wọn. A fi irin sáàárín wọn fún ìgbà pípẹ́. Abo àgbà kan ló kọ́kọ́ nawọ́ gba inú irin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun apá rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn la tó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin ará Ilésà náà ṣì máa ń wá wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ọ̀bọ náà ti bímọ tirẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọmọ náà.